Gbogbo Ìdáhùn Mi Ló Wà Níbẹ̀

Bó bá ṣe pé ẹwà tímù-tébù ni JAMB fi ń wo ẹni tó yẹ kó wọ yunifásítì ni, orúkọ mi ni ìbá kọ́kọ́ jáde ní gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 2019. Mo ra káàdìbọ́ọ̀dù funfun ní Dùgbẹ̀, mo ra bírò aláwọ̀ mẹ́rin, mo fi rúlà fa ìlà tí kò wọ́ níbì kankan. Bírò pupa ni mo fi kọ máàtì, torí pé òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Aago márùn-ún ìdájí, áljẹ́bírà. Aago mẹ́fà, jiómẹ́tírì. Aago méje, ìsinmi. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, níbi tí àlejò yóò ti rí i kó tó rí fọ́tò ìgbéyàwó Bàbá àti Màámi. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí tímù-tébù ọ̀hún, ìsinmi aago méje nìkan ni n kò pa jẹ rí.

Ẹkonómíìsì ni mo fẹ́ lọ kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó bá sì fẹ́ ka Ẹkonómíìsì kò lè gba ẹ̀yìn máàtì kọjá. Iṣẹ́ mẹ́rin ni JAMB ń bi olúkúlùkù: ọgọ́ta ìbéèrè fún Gẹ̀ẹ́sì, ogójì ogójì fún àwọn mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì sì ni wọ́n fún èèyàn láti ṣe gbogbo rẹ̀. Máàkì ọgọ́rùn-ún ni ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó wá di irínwó. Ẹni tí kò bá ní igba nínú irínwó yìí, UI kò ní jẹ́ kó tilẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò tiwọn tó máa ń tẹ̀lé e. Mo ti ṣírò rẹ̀ tán: ìbéèrè 180 nínú ìṣẹ́jú 120, ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ló kan ìbéèrè kan. Èyí nìkan ni ìṣirò tí mo ṣe tó tọ̀nà ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sì sí ẹni tó dúró gbọ́ tí n kò sọ ọ́ fún, títí kan ìyá tó ń ta àkàrà lójúde wa.

Mo forúkọ sílẹ̀ ní ilé lẹ́sìnnì kan nítòsí ilé. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní máàtì mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, àmọ́ wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, ọwọ́ òsì ń nù ún. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á yíjú sí wa: "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wa á pariwo pé, "Ó yé wa, sà!" Ohùn mi ló máa ń ròkè jù níbẹ̀. Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè kì í sábà rí ẹni pè é síwájú bọ́ọ̀dù.

Fọ́múlà kan wà tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà ń pè ní Almighty Formula, èyí tí a fi ń wá x nínú quadratic equation. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ké e mọ́rí ní yàrá mi: "Almighty! Almighty!" Màámi dáhùn láti yàrá tiwọn pé, "Àmín, lórúkọ Jésù!" Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà. N kò já wọn ní koro, torí pé ohun tí mò ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àdúrà.

Ẹ̀yìn ìwé pásì-kúẹ́ṣọ̀n ni mo ti wá rí ọ̀nà àbùjá. Ojú ìwé méjì tó gbẹ̀yìn kò ní àlàyé kankan, nọ́ńbà àti lẹ́tà nìkan ló tò síbẹ̀: 1 C, 2 A, 3 B. Mo jókòó, mo rò ó. JAMB ti wà láti ọdún 1978. Ohun tí wọ́n lè bi èèyàn nípa onígun mẹ́ta kò lè pọ̀ títí kó máà tán. Dandan ni kí wọ́n padà sórí ti àtijọ́. Kí ló wá dé tí n ó fi máa bá ìbéèrè jìjàkadì, nígbà tí ìdáhùn ti wà nílẹ̀? Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í há lẹ́tà sórí. Lẹ́tà kò fẹ́ dúró, ni mo bá fi ohùn àpàlà sí i, mo ń fi ìka lu tábìlì: nọ́ńbà kìíní C o, ìkejì A ni, ìkẹta B, ìkẹrin B, B ló tún padà wá! Ó dùn létí. Kí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún tó parí, èmi gan-an ti ń jó sí i.

Àbúrò mi obìnrin, tó wà ní JSS2 nígbà yẹn, ni mo ń gbé ìwé fún kó dán mi wò.

"Nọ́ńbà kẹtàdínlógún, 2007."

"D!"

"Nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n."

"A!"

Ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó yà á lẹ́nu. Ó tún ṣí iwájú, ó ń kà á lábẹ́lẹ̀, ó wá gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n tilẹ̀ bi yín níbẹ̀?"

Mo ní ìyẹn kò kàn án.

Àwọn ará ilé tó ń gba iwájú fèrèsé kọjá gbọ́ bí mo ṣe ń dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí láìwo ìwé. Látìgbà náà ni mo ti di Pùròfẹ́sọ̀. "Pùròfẹ́sọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí?" Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, tí wọn kì í dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni kí owó ilé tó wọlé, ń dá mi lóhùn. Orúkọ yìí ni mo ń jẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì dé.

Bàbá mi ti ra ilẹ̀ kan sí Mọníyà. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ilẹ̀ tí a rà tí a kò tíì fi ọgbà yí ká, ilẹ̀ tí a ṣì ń rà lọ́wọ́ ni. Àwọn ọmọ-onílẹ̀ ti wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn wá kí ilẹ̀ ni. Bàbá mọ ohun tí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ń bí, wọ́n pinnu pé fẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ dìde kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Ilẹ̀ náà jẹ́ àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà níbùú, ọgọ́rùn-ún lóòró. Wọ́n pè mí sí pálọ̀, lábẹ́ tímù-tébù mi gan-an.

"Ìwọ tí o ń ṣe máàtì tọ̀sán-tòru yìí, tí fẹ́ǹsì bá máa ga ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, búlọ́ọ̀kù mélòó ni ká lọ rà?"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, sà."

Mo mú rúlà, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo wọn búlọ́ọ̀kù kan tí Màámi ń fi dènà ilé adìyẹ. Ó jẹ́ ínṣì méjìdínlógún ní gígùn, mẹ́sàn-án ní gíga. Mo sọ méjèèjì di ẹsẹ̀ bàtà: 1.5 àti 0.75. Mo sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn: 1.125. Títí dé ibí, ẹnikẹ́ni kò lè mú àléébù kan jáde. Mo wá fi 50 sọ 100 di púpọ̀, ó jẹ́ 5,000. Mo fi 1.125 pín in. Ó fún mi ní 4,444 àti èérún díẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ọ̀hún ná: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Mo ní ìdáhùn tó gún régé báyìí kò lè jẹ́ irọ́. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní lẹ́sìnnì.

Ẹsẹ̀ mẹ́fà tí Bàbá dárúkọ kò bá mi dé inú ìṣirò náà rárá. Mo rí i, mo sì fò ó. Èrò mi ni pé wọ́n fi sínú ìbéèrè láti fi tan èèyàn jẹ ni, irú èyí tí JAMB máa ń ṣe.

Bàbá wo bébà náà, wọ́n wo ìlà méjì tó wà lábẹ́ ìdáhùn, wọn kò bi mí ní ohunkóhun. Wọ́n ká a sápò, wọ́n sì gba kọ́póréétífù ibi iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n lọ yá owó búlọ́ọ̀kù 4,444.

Ní Sátidé, wọ́n mú mi dání lọ sí Mọníyà láti lọ pàdé bíríkìlà. Bàbá àgbàlagbà kan ni, fìlà wọn ti kún fún sìmẹ́ńtì débi pé ó ń dá dúró fúnra rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti gún èèkàn, wọ́n ti ta okùn, wọ́n ń wá igun ilẹ̀. Wọ́n ní kí n wá bá wọn di téèpù mú. Wọ́n wọn ẹsẹ̀ mẹ́ta lára okùn kan, wọ́n sàmì sí i. Wọ́n wọn ẹsẹ̀ mẹ́rin lára okùn kejì, wọ́n sàmì sí ìyẹn náà. Wọ́n wá ní kí n fa téèpù láti àmì dé àmì.

"Èló ló kà?"

"Márùn-ún dín díẹ̀, sà."

"Igun yẹn ti wọ́." Wọ́n fi àtàǹpàkò ti èèkàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wò ó báyìí."

"Ó pé márùn-ún!" Orí mi wú. Mo rí ohun tí mo mọ̀. "Bàbá, Pythagoras lẹ ṣe yẹn!"

Wọ́n wò mí. "Ta ni yẹn? Ṣé bíríkìlà ni? Apá ibo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní ó ti pẹ́ tó ti kú, ará Gíríìsì ni. Wọ́n ní kí Ọlọ́run bá wa dẹ ilẹ̀ fún un. Wọ́n wá kọjú sí Bàbá mi, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ti ra búlọ́ọ̀kù.

"Owó ti wà nílẹ̀. 4,444 la fẹ́ rà."

Bàbá bíríkìlà kò fèsì. Wọ́n wo ilẹ̀ náà láti igun kan dé ìkejì, wọ́n yí padà wo Bàbá mi, wọ́n tún wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú o, Ọ̀gá. Ṣé fẹ́ǹsì lẹ fẹ́ kọ́, àbí ẹ fẹ́ tẹ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ káàkiri kí koríko má baà hù? Torí pé iye tó máa bo ilẹ̀ yìí pátápátá lẹ dárúkọ yẹn."

Bàbá mi wo ojú mi. Èmi náà wo téèpù.

"Ẹ gbọ́ mi," ni bàbá àgbàlagbà náà wí, wọ́n ń ká ìka. "Àádọ́ta, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta, ọgọ́rùn-ún: ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ la máa fi yí i po. Búlọ́ọ̀kù kan, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀. Igba ni kóòṣì kan. Ẹsẹ̀ mẹ́fà sókè, kóòṣì mẹ́jọ. Igba lọ́nà mẹ́jọ, ẹgbẹ̀jọ. Géètì ẹsẹ̀ méjìlá á yọ mẹ́jọ kúrò nínú kóòṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ má yọ ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún èyí tó máa fọ́ nínú mọ́tò. Ẹ ra ẹgbẹ̀jọ. Ti ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀."

Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá kò tíì pé. Wọn kò mú bírò, wọn kò sì fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà, Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ọ̀jọ́ọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yíjú sí mi. "JAMB yẹn, ìgbà wo ni?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wojú fèrèsé padà. Owó kọ́póréétífù tó ṣẹ́kù, wọ́n dá a padà, àmọ́ àwọn kọ́póréétífù ní èlé tí àwọn ti kọ sílẹ̀, àwọn ti kọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ ó rò pé irú ìyẹn yóò lé mi padà sídìí ìwé. Rárá o. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé iṣẹ́ bíríkìlà lọ́tọ̀, JAMB lọ́tọ̀. Ní Mọníyà, wọn kò fún mi ní A, B, C, D kí n mú nínú rẹ̀. Bí mo bá rí lẹ́tà, orin á bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n yẹ ìka wa wò, wọ́n gba ohun gbogbo tí a lè pè ní aago tàbí fóònù, wọ́n sì fi wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò mọ máúsì lò kò ní wàhálà: kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ péré ló tó o. Nínú wọn, A, B, C, D ni wọ́n fi ń mú ìdáhùn, N ń gbé èèyàn lọ síwájú, P ń dá a padà. Máàtì ni mo kọ́kọ́ ṣí, kí orin tó sá kúrò lórí mi.

Nọ́ńbà kìíní. Mo kọ ọ́ lábẹ́ ètè pé, "C o." Mo wá ka ìbéèrè. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo kọ̀ǹpútà ọmọkùnrin tó jókòó tì mí: nọ́ńbà kìíní tirẹ̀ kò bá tèmi mu, ìkejì rẹ̀ náà kò bá a mu. Wọ́n ti po gbogbo rẹ̀ pọ̀, olúkúlùkù ń jẹ tirẹ̀. Gbogbo àpàlà tí mo ti ń lù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún di ohun tí n kò rí ẹni kọ ọ́ fún.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ nípa ọkùnrin kan tó dúró ní ogún mítà sí ìdí igi, tó ń wo ẹyẹ lórí rẹ̀. Ìwọ̀n ìgbójúsókè rẹ̀ jẹ́ dígírì 45. Láti ilẹ̀ dé ojú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.7. Kí ni gíga igi? N kò mọ ìdí tí àwọn èèyàn inú ìwé máàtì kì í fi í níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, tó fi jẹ́ pé ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Àmọ́ èyí yé mi! SOHCAHTOA! Mo ṣí ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà, mo ń wá tan. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pípín ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi rántí pé tan 45 kò ju 1 lọ, ìṣẹ́jú ti lọ rẹpẹtẹ. Ogún lọ́nà kan, ogún mítà. Mo wo ìdáhùn: A, mítà 20. Ó wà níbẹ̀!

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní lẹ́sìnnì, mo lè ṣírò títí kí n ní 17.38, kí n wá wo ìdáhùn, kí n bá 4, 5, 6 àti 7 níbẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ohunkóhun tí mo bá rí, ó ti ń dúró dè mí. Mo gbàgbé láti sọ nọ́ńbà di méjì, ìdáhùn mi wà níbẹ̀. Mo fi àmì ìyọkúrò sílẹ̀ sẹ́yìn, ó wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi tí mo fi lò ju wákàtí kan lọ lórí máàtì nìkan. Ẹkonómíìsì àti Government pín díẹ̀ nínú èyí tó kù, Gẹ̀ẹ́sì kò rí ju ìkánjú lọ. Ìpínrọ̀ tó gùn tí wọ́n ní ká kà, mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn rẹ̀, mo bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé, Màámi ti se ìrẹsì. "Báwo ni?"

"Màámi, gbogbo ìdáhùn mi ló wà níbẹ̀."

Màámi gbé ọwọ́ sókè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́. Bàbá nìkan ni kò dìde lórí àga. "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

"Ká ní wọ́n bi ọ́ ní ti fẹ́ǹsì wa, ṣé 4,444 kò ní sí lára ìdáhùn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà lóru ọjọ́ yẹn nígbà tí ọkùnrin onígi yẹn padà wá bá mi. Ojú rẹ̀ ni ó fi wo ẹyẹ, ojú rẹ̀ kò sì sí nílẹ̀. Mítà 1.7! Mítà 21.7 ni igi, mo sì rántí pé mo rí 21.7 níbẹ̀, C ni. Àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè yìí kì í kàn kó nọ́ńbà dà sílẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ti yà bàrá, wọ́n á ti gbé àga kan síbẹ̀ dè é. Mo dìde, mo tan iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn ìdáhùn mi yòókù. Mo tún pa iná.

Èsì dé. Gẹ̀ẹ́sì 55, Ẹkonómíìsì 58, Government 52, máàtì 29. Àpapọ̀ 194. Màámi ní kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ àwọn ìyá.

Mo mú bébà. Èèyàn kì í jẹ́ Pùròfẹ́sọ̀ lásán. Mo lọ bá Bàbá ní pálọ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo tẹ́ bébà náà síwájú wọn. Bí ogójì ìbéèrè bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún máàkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì ààbọ̀. Mẹ́fà péré ló kù kí n tó igba. Ìbéèrè méjì á fún mi ní márùn-ún, kò tó. Ìbéèrè mẹ́ta á fún mi ní méje ààbọ̀, ó tó, ó tún ṣẹ́kù. "Ìbéèrè mẹ́ta péré ló yà mí kúrò ní UI, sà. Ẹ bá mi san owó fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀." Mo ti fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Bàbá gbé bébà náà súnmọ́ ojú. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n mú fóònù, wọ́n pe nọ́ńbà kan, wọ́n sì tẹ ohùn síta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Fẹ́ǹsì ńkọ́? Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò kékeré kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò."

Láti Mọníyà, pẹ̀lú ariwo ṣọ́bìrì lẹ́yìn wọn, bàbá bíríkìlà bèèrè pé, "Ṣé ọmọ yẹn náà ló tún ṣe é?"